Ọkọ̀ Ẹlẹ́nìkan ní Odò Ahóyaya

Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ní omi nínú, omi rẹ̀ sì tutù. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ wá, kí ó gbé e lé itan. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá jókòó níhìn-ín, kí ó wò ó lójú dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá parí, ojú tí yóò fi máa wò ó kò ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Èmi ni Ọdẹ́gbèmí. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wo ẹnu mi tí eyín ti ká tán, ẹ rọra. Èmi yìí ni mo dojú ìbọn kọ ẹfọ̀n nínú koríko, tí ẹfọ̀n náà kúnlẹ̀, tó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un nì, bí wọ́n bá ti bí ọ nígbà náà, ìwọ ni ǹ bá rán kí o lọ gbé orí rẹ̀ wálé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹran kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni.

Ọmọbìnrin kan wà nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀, Ládẹjọ, ni ó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn èèyàn kọjá odò wa níbi tí omi ti ń lọ jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà, ara bàbá kò yá, Àwẹ̀ró ló mú àjẹ̀. Ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, apá rẹ̀ ń dán, omi ń ta sí i lọ́rùn, n kò sì mọ ìgbà tí a gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Mo ní kó gbé mi padà. Ó gbé mi padà. Mo ní kó tún gbé mi lọ. Ó fi àjẹ̀ lélẹ̀, ó wò mí.

Ó ní, "Ọdẹ, ẹran ló sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ ni, àbí orí?"

Mo ní, "Ọkàn ló sọnù, inú ọkọ̀ yìí ló sì já bọ́ sí. Bá mi wò ó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà ni oorun ti kọ̀ mí. Bí mo bá dọdẹ, mo máa ń rí i láàárín ewé. Bí mo bá jẹun, mo máa ń fi òkèlè sílẹ̀ fún un nínú àwo bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Bàbá mi ní kí wọ́n tètè lọ tọrọ ọmọ náà kí n má baà ya wèrè. Wọ́n lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Nígbà tí ọjọ́ ìdána ku mẹ́sàn-án, okùn ọkọ̀ Ládẹjọ já. Àwẹ̀ró wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Odò wa yìí, bí ó ti jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tó lókè, bí ó bá dé ìsàlẹ̀ níbi tí àpáta méjì ti fún un lọ́rùn, orúkọ rẹ̀ a yí padà, a máa jẹ́ Ahóyaya. Omi ibẹ̀ funfun. Ó ń hó bí ìkòkò tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi gbé e wọ̀.

Inú igbó ni mo wà. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó délé, mo bá Ládẹjọ ní ìjókòó lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àjẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, "Àna mi, omi funfun ti gbé e."

Mo figbe ta. Ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Má tíì sunkún. Ẹni tí Ahóyaya bá gbé kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ìlú kan wà láàárín omi náà, lẹ́yìn ìtàkìtì àkọ́kọ́ tí omi ń ta láti orí àpáta. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí fún ọjọ́ méje. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mú wọn jáde, wọn a di igi. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù."

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọkọ̀."

Ó mi orí. "Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé oníṣu kọjá omi jẹ́ẹ́ ni tèmi. Bó bá dé Ahóyaya, á fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Agbẹ́kọ̀máàsùn ni kí o wá lọ, nínú Igbó Aláìlójìji. Òun ló mọ ọkọ̀ omi funfun í gbẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, Ọdẹ́gbèmí. Ọkọ̀ tí kò bá yẹ èèyàn kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Mo wọ gbérí mi, ẹ̀wù ọdẹ, èyí tí oògùn pọ̀ lára rẹ̀ ju òwú lọ. Mo gbé ìbọn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀sán gangan ni mo wọ Igbó Aláìlójìji, oòrùn dúró ṣánṣán lókè. Igi pọ̀ níbẹ̀ bí irun orí, síbẹ̀ kò sí òjìji igi kan nílẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi, n kò rí òjìji tèmi náà. Ẹyẹ ń la ẹnu, n kò gbọ́ ohùn. Ewé ń bọ́, kì í balẹ̀. Mo rìn títí, mo bá ẹnìkan tó dúró sójú ọ̀nà tó kẹ̀yìn sí mi. Mo kí i. Mo yí i ká kí n lè rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo tún bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni iwájú, ẹ̀yìn ni ẹ̀yìn.

Ohùn jáde láti ìpàkọ́ rẹ̀: "Kí ló ń lọ lójoojúmọ́ tí kò fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ rí?"

Mo ní, "Odò ni. Òun náà ni mo ń bá lọ jà."

"Kí ló wọ inú omi tí kò tutù?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi yá ju ìbọn mi lọ nígbà náà. Mo ní, "Òjìji ni, èyí tí ẹ̀yin ará ibí kò ní."

Èjìká rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láti ìpàkọ́, omijé ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀ kejì. Ó ní, "Ò bá má dárúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé ohun tí mo ń wá." Ó yà kúrò lọ́nà. Mo kọjá, ìtìjú mú mi díẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá nǹkan kò yẹ kó fi ẹni tó sọ nǹkan nù ṣẹ̀sín.

Etí omi kan tó dákẹ́ ni mo ti bá Agbẹ́kọ̀máàsùn. Kò ní ìpéǹpéjú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹja lórí àtẹ. Ó ń fi àáké kékeré gbẹ́ igi, èérún igi tó bá bọ́ sílẹ̀ á rá pálá wọ inú omi lọ.

Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ahóyaya?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Irú ọkọ̀ mẹ́ta ni mo ń gbẹ́ fún un. Lọ wò wọ́n kí o mú ọ̀kan."

Àwọn ọkọ̀ náà kò jọ ti Ládẹjọ. Wọ́n bò wọ́n lókè, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín, ibẹ̀ ni èèyàn máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, tí wọ́n á sì so awọ mọ́ ọn níbàdí kí omi má baà wọlé. Ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, Ọfà ni orúkọ rẹ̀. Ìkejì kúrú, ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n kun ún ní àwọ̀ mèremère, Òkòtó ni orúkọ rẹ̀. Ìkẹta, kí n má purọ́, ó burẹ́wà. Ikùn rẹ̀ yọ, ìdí rẹ̀ rí róbótó, imú rẹ̀ ká sókè bí ẹni tó gbọ́ òórùn. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é.

Ọfà wọ̀ mí lójú lọ́gán. Ọdẹ ni mí, ìbọn gígùn ni mo mọ̀. Mo na ọwọ́ sí i.

Agbẹ́kọ̀máàsùn ní, "Kí o tó mú un, lọ kí àwọn oníbàárà mi."

Ó nawọ́ sí ẹ̀bá omi. Baba arúgbó kan jókòó sínú Ọfà níbẹ̀, imú ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú àpáta. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, ó ti di igi, olú ti hù lórí orúnkún rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

"Ìjókòó kẹ̀? Eré ni mo ń sá, ọmọ yìí. Ṣé o kò rí i ni?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò sí ọkọ̀ tó yára tó tèmi. Bí a bá ti dojú kọ ibì kan, ibẹ̀ náà là ń lọ."

"Àpáta yìí wá ńkọ́, bàbá?"

Ó ṣe bí ẹni tó tijú. "Mo rí i lókèèrè. Mo ní kí ọkọ̀ yà. Ó ní òun kò mọ yíyà."

Mo kọjá lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Obìnrin kan tó rẹwà ló wà nínú Òkòtó, ó ń pòòyì lójú kan nínú omi tó ń yí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá yí kàn mí nìkan ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi, ọkọ̀ yìí dùn ún ṣeré..." Ó yí lọ. Ó yí dé. "...bí ijó ni, ìka kan lo máa fi yí i..." Ó yí lọ. Ó yí dé, omijé wà lójú rẹ̀. "...ṣùgbọ́n omi ńlá a máa tẹ̀ ẹ́ rì, àti pé..."

Mo dúró. Ó pẹ́ kí ó tó yí dé.

"...ta ni yóò bá mi dá a dúró?"

Mo padà, mo gbé ọwọ́ lé ikùn Pẹ́pẹ́yẹ. Mo ní, "Èmi ọdẹ, tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà! Ẹ wá fẹ́ kí n gun pẹ́pẹ́yẹ lọ wá ìyàwó?"

Agbẹ́kọ̀máàsùn ní, "Ẹni tó dúró létí omi ló ń rí ẹwà ọkọ̀. Ṣé etí omi ni ìwọ ń lọ? Omi tó ń já láti òkè ni Ahóyaya. Ohun tó bá já wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń léfòó padà. O ti rí pẹ́pẹ́yẹ tó rì rí?"

N kò rí i rí. Mo mú un. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹ kò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni mí? Mo ro bẹ́ẹ̀ náà. Orí mi wú.

Ó ní òun yóò gbẹ́ inú rẹ̀ bá ara mi mu. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn. Ó fi okùn wọn ìbàdí mi, ó wọn orúnkún, ó wọn gìgísẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń wọn pósí. "Ohun tí à ń jókòó lé kọ́ nìyí," ó ní, "ohun tí à ń wọ̀ ni, bíi ṣòkòtò. Bó bá fún jù, o kò ní jáde. Bó bá ṣò, yóò bọ́ kúrò lára rẹ nígbà tí o bá nílò rẹ̀. Bí omi bá dojú rẹ dé, má ṣe kọ́kọ́ gbé orí. Ìbàdí ni kí o jù sókè. Orí ni kó kẹ́yìn jáde."

Mo ní, "Bàbá, nílé wa, orí ló ń ṣíwájú."

"Ilé yín kọ́ nìyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé orí lábẹ́ omi, orí náà ni omi yóò dì mú." Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹni mélòó ni ọkọ̀ yìí yóò gbé?"

Ẹ̀yin ará mi, ibí ni mo ti ṣìṣe. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ọdẹ ẹ mọ èèwọ̀ wa. Ọdẹ kì í dárúkọ ẹran tí kò tíì pa. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ń lọ, á ní òun ń lọ wo oko. Ìyá mi kì í gbé ìkòkò kaná títí bàbá mi á fi sọ ẹrù kalẹ̀, nítorí bí a bá ti pèsè àyè fún ẹran, ọ̀nà dí mọ́ ọn nìyẹn. Èmi tí wọ́n tọ́ báyìí, ṣé kí n wá sọ fún iwin nínú igbó pé èmi àti Àwẹ̀ró ni a ń bọ̀? Àyà mi kò gbà á.

Mo ní, "Èmi nìkan."

Ó gbé ojú aláìnípéǹpéjú náà sókè. "Ẹni mélòó?"

"Ẹnìkan, bàbá."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Ohun tí ẹnu rẹ wí ni ọwọ́ mi yóò gbẹ́. Bí ohun tó bá wọ inú rẹ̀ bá ju ohun tí o wí lọ, odò yóò mú tirẹ̀ kúrò." Ó gbẹ́ ọkọ̀ náà tán, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ṣe yín lóore ńlá tí kò gba nǹkan, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje ni mo wọ Ahóyaya pẹ̀lú àjẹ̀ olójú méjì. N kò ní sọ fún yín pé n kò kígbe. Ìtàkìtì àkọ́kọ́ gbé mi sókè, ó sọ mí sílẹ̀, ó gbé mi mì. Gbogbo ayé di funfun. Nínú funfun náà ni mo ti rí ojú, ojú, ojú, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò láti ojú fèrèsé. Mo ju ìbàdí. Pẹ́pẹ́yẹ yọ sókè, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì gbé mi dé Ìlú Àárín-Omi.

Ariwo omi kò dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn ìlú náà jókòó sórí ilẹ̀ nínú oríṣiríṣi ọkọ̀, ní ìlà ìlà, ẹsẹ̀ wọn ti di igi, irun wọn ti di ewé. Bí mo ti ń kọjá ni wọ́n ń wo ihò ọkọ̀ mi. Ọ̀kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹnìkan." Èkejì gbà á: "Ẹnìkan." Ó lọ láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi yí ìlú ká.

Orí òkúta ni Àwẹ̀ró wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le dé orúnkún. Nígbà tó rí mi, ó wò mí, ó wo Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ewé orí àwọn ará ìlú náà fi mì.

"Ọdẹ́gbèmí! Inú kí nìyí?"

"Má rẹ́rìn-ín, olólùfẹ́ mi. Wọlé ká máa lọ. Oòrùn ti ń rọ̀."

Ó wo ihò náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan lo gbé wá fi gbé ìyàwó?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó pòṣé. "Èèwọ̀ ọdẹ! Ṣé ẹran ni mí?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ní, "Ìwọ lo ó wà á. Ìwọ lọmọ atukọ̀. Èmi yóò di ìdí rẹ̀ mú nínú omi."

"Yóò pa ọ́."

"Bó bá gbé ọ délé, ó tó."

Ó wò mí pẹ́, ẹ̀yin èèyàn, ìwò tí n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ títí mo fi máa kú. Ó ki ẹsẹ̀ líle náà bọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìbàdí mi ni wọ́n wọ̀n, ọkọ̀ náà ṣò mọ́ ọn lára, ó ń yí gbiri nínú rẹ̀ bí ọmọrí odó. Mo bọ́ gbérí mi, tòun ti ṣòkòtò, tòun ti àdó, tòun ti ìfúnpá, gbogbo ohun tí bàbá mi àti bàbá bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Mo ká a, mo ki apá kan bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìbàdí rẹ̀, apá kejì bọ ẹ̀gbẹ́ òsì, títí ọkọ̀ fi gbá a mú. Ìbọn mi, mo fi í sílẹ̀ lórí òkúta náà. Ìhòòhò ọmọlúàbí ni mo fi wọ omi.

Ìtàkìtì kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwẹ̀ró tu ọkọ̀! Ó ń fi àjẹ̀ bá omi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan náà ni omi dojú rẹ̀ dé. Mo rí i tó ń gbé orí.

Mo lo gbogbo èémí mi. "Ìbàdí! Ju ìbàdí! Orí kó kẹ́yìn!"

Ó jù ú. Pẹ́pẹ́yẹ yí sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

"Ọdẹ́gbèmí."

Ohùn Àwẹ̀ró ni.

"Ọdẹ́gbèmí, o ń fi mí sílẹ̀." Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo gbọ́ lórí òkúta, ó wà létí mi bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ kan ọrùn mi. Iwájú mi, ẹ̀yìn obìnrin kan ni mo ń wò, kò yíjú, kò fọhùn. Mo rántí ẹni tó lẹ́yìn méjì nínú igbó. Èwo ni tèmi nínú wọn? Ọwọ́ mi fẹ́ tú. Mo wá rí ọwọ́ tó mú àjẹ̀, bí ó ti ń gbọ̀n, tí kò sì dúró. Mo ní ẹni tí iṣẹ́ ń rẹ̀ ni mo máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo di ìdí ọkọ̀ mú títí èékánná mi fi wọ inú igi rẹ̀.

Omi jẹ́ẹ́ tó wà nísàlẹ̀ Ahóyaya gbà wá kí oòrùn tó wọ̀. Ládẹjọ, tó ti ń dúró dè wá níbẹ̀, wọ omi dé ọrùn, ó fa ọmọ rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó di ẹran ara padà. Òun ni lóòótọ́. Ojú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni, àpá orí àtàǹpàkò rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo wa ń sunkún, gbogbo wa ń dúpẹ́.

Ó wá wò mí bí mo ti dúró síbẹ̀ níhòòhò, tí mo fi ewé kókò bo iwájú.

Ó ní, "Àṣé bí ọdẹ ṣe rí lábẹ́ aṣọ nìyí?"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ya ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, ó di ikùn mú. Ohùn kankan kò jáde. Ó pẹ́ díẹ̀. Láti òkè odò, láti inú funfun Ahóyaya lọ́hùn-ún, ni ẹ̀rín rẹ̀ ti wá dé ọ̀dọ̀ wa.

Odò ti mú tirẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ. A bí ọmọ mẹ́fà. Kò sí ohun tó wà nílé mi tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e dúró, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan. Bí inú rẹ̀ bá dùn, mo máa ń rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, nígbà náà ni mo máa ń sáré gba ọ̀nà odò lọ kí n lè gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ní ẹsẹ̀, mo máa ń bá a. Nísinsìnyí, kí n tó dé ibẹ̀, ó ti tán. Èmi a sì jókòó létí omi, èmi a máa retí òmíràn.

Ta ló wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú Àwẹ̀ró yẹn? Àbúrò rẹ̀ ni? Kí ló ń sọ fún un? Ẹ wo èjìká ìyàwó mi.

Ẹ fún mi lọ́pàá mi. Ẹ yà, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ yà fún mi!